Ọrùn Akèrègbè: Bí Fáírọ́ọ̀sì Fúlúù Ṣe Ń Yí Padà Nínú Ara Ẹni tí Ó Mú

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí fáírọ́ọ̀sì fúlúù láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ó fi ń gbé inú ara ènìyàn kan ṣoṣo. Ó fi hàn pé ìyàtọ̀ púpọ̀ ni ó ń yọjú nínú ara aláìsàn, ṣùgbọ́n pé èèṣì àti àìtó àkókò ni ó sábà máa ń pinnu èyí tí yóò jáde lọ bá ẹlòmíràn. Ó tún yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ ní Yorùbá wò, pàápàá "gbọ́n", "paradà" àti "dàgbà sókè", nítorí pé wọ́n ń gbé ìmọ̀ọ́mọ̀ wọ ibi tí kò sí ìmọ̀ọ́mọ̀.

Ìfáárà

Ní kíláàsì ìmọ̀ ògbufọ̀ kan tí mo ń kọ́, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínrọ̀ kan láti túmọ̀ sí Yorùbá. Ìpínrọ̀ náà dá lórí fáírọ́ọ̀sì fúlúù àti bí ó ṣe ń yí padà nínú ara àwọn tí ó bá mú. Nígbà tí iṣẹ́ wọn dé ọwọ́ mi, mo rí i pé ó lé ní ìdajì wọn tí ó kọ ọ́ pé kòkòrò náà "gbọ́n", pé ó ń "paradà" kí ara má baà dá a mọ̀, bí olè tí ó bọ́ ẹ̀wù tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ó "ń dàgbà sókè". Kò sí èyí tí kì í ṣe Yorùbá tí ó dára nínú wọn. Mo fún wọn ní máàkì tí ó tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí.

Ẹni tí ó ń paradà nínú ìtàn wa mọ ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó di igi ń sá fún ọ̀tá ni; ìyá tí ó di ẹyẹ ní ibi tí ó ń lọ. Ìmọ̀ọ́mọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe náà láti ìpìlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ìmọ̀ọ́mọ̀ kankan. Bí a bá sì sọ pé ó ní in, a ti gba ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ mọ́ olùgbọ́ wa lọ́wọ́. Ìbéèrè náà ni pé: bí fáírọ́ọ̀sì yìí bá ń yí padà kíákíá nínú ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ló dé tí kò fi di tuntun pátápátá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Kí ló dé tí ó fi máa ń gba ọdún mélòó kan kí ó tó yàtọ̀ tó láti tún mú ẹni tí ó ti mú rí?

Kí n tó lọ síwájú, fúlúù tí mo ń sọ kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni ó ń fa ọ̀fìnkìn. Fúlúù ní tirẹ̀ ní ẹ̀yà A àti B tí ó ń mú ènìyàn lọ́dọọdún. Nínú ẹ̀yà A, H1N1 àti H3N2 ni ó ń lọ láàárín ènìyàn lónìí. H3N2 ni ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé jù.

Adàkọ tí kò ní ẹni tí yóò tún un ṣe

Ogún tí fáírọ́ọ̀sì fúlúù ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò pọ̀: ègé RNA 8, tí gbogbo lẹ́tà inú wọn jẹ́ nǹkan bí 13,500. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kan bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ní imú tàbí ní ọ̀nà ọ̀fun, yóò máa lo ohun èlò sẹ́ẹ̀lì náà láti da ara rẹ̀ kọ. Kí wákàtí 12 tó pé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Púrótéènì mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, PB2, PB1 àti PA, ni adàkọ rẹ̀.

Adàkọ yìí kì í wẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì tiwa, nígbà tí ó bá ń da DNA kọ, ní ohun tí ń yẹ iṣẹ́ náà wò tí ó sì ń pa àṣìkọ rẹ́. Ti fúlúù kò ní irú rẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ Ifá mọ ìyàtọ̀ tí èyí lè mú wá. Bí ọmọ awo bá ń ki ẹsẹ níwájú àwọn àgbà, tí ó sì ṣì í kì, wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá. Wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sì bá a tún un ṣe. Ká ní ọmọ awo kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọmọ awo mìíràn nínú yàrá tí wọ́n tì pa, tí kò sí àgbà kankan tí ó ń gbọ́, tí ẹni tí ó ṣì í kì sì ń fi àṣìkì náà kọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ni ì bá jọ ti fúlúù.

Ní ọdún 2017, Pauly, Procario àti Lauring, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, wọn iye àṣìkọ yìí, wọ́n sì rí i pé ó ga ju bí a ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí adàkọ náà bá ṣe ń ní àṣìkọ 2 sí 3.

Kì í ṣe gbogbo àṣìkọ ni ó rí bákan náà. Àwọn kan dà bí ìyàtọ̀ láàárín "aiye" inú ìwé àtijọ́ àti "ayé" inú àkọtọ́ òde òní: lẹ́tà yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Lẹ́tà RNA ti yí, ṣùgbọ́n púrótéènì tí a fi í mọ wà bí ó ti wà. Àwọn mìíràn dà bí ìyàtọ̀ láàárín "igbá" àti "ìgbà": àmì kékeré ni, ìtumọ̀ sì ti lọ. Nínú irú kejì yìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ni ó ń pa fáírọ́ọ̀sì tí ó gbé e lára tàbí tí ó ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Díẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí ó ń ṣe é láǹfààní ṣọ̀wọ́n jù lọ, bí irú àyípadà tí ó ń bọ́ sí orí hemagglutinin. Hemagglutinin yìí ni púrótéènì tí ó yọ síta lára fáírọ́ọ̀sì, tí ó fi ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn èròjà ìdáàbòbò ara wa sì máa ń dì mú. Bí ibi tí wọ́n ń dì mú bá yí padà díẹ̀, ọwọ́ wọn lè yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà 13,500 ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè di ọ̀kan nínú mẹ́ta mìíràn. Àṣìkọ oní-lẹ́tà-kan tí ó lè wáyé jẹ́ nǹkan bí 40,500. Bí adàkọ bá ṣe ẹ̀dà mílíọ̀nù kan, àṣìkọ tí yóò wà nínú gbogbo wọn yóò ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹ̀dà tí ó sì ń wáyé nínú ara ẹni tí fúlúù mú dáadáa ju mílíọ̀nù kan lọ fíìfíì. A jẹ́ pé nínú imú àti ọ̀fun ẹnì kan ṣoṣo, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gbogbo àṣìkọ oní-lẹ́tà-kan ni yóò ti wáyé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì ti wáyé léraléra, títí kan èyí tí ó lè mú fáírọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ àjẹsára wa. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti fò kọjá nìyí. Ohun tí ó lè ṣe fáírọ́ọ̀sì láǹfààní ti wà nílẹ̀ kí ó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ohun tí ó ń dí i lọ́nà ni ó yẹ kí a wá.

Ọ̀nà kejì kan tún wà tí ìyàtọ̀ fi ń wáyé, èyí tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí pé ègé 8 ni ogún náà, bí fáírọ́ọ̀sì méjì bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, àwọn ọmọ wọn lè mú ègé kan láti ara èyí, òmíràn láti ara tọ̀hún. Irú pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín fúlúù ènìyàn àti ti ẹyẹ, ni ó bí àjàkálẹ̀ ọdún 1957 àti ti 1968. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹni tí irú fúlúù kan ṣoṣo mú, bí ìgbà tí ènìyàn ń pààrọ̀ owó ẹyọ kan fún irú rẹ̀ ni.

Kíka ohun tí ó wà nínú imú ẹnì kan

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ lè kà láti inú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi òwú gbà ní imú aláìsàn kò ju lẹ́tà kan lọ fún ààyè kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lẹ́tà tí ó pọ̀ jù. Ó dà bí olùgbà-ìtàn tí ó gba oríkì orílẹ̀ kan lẹ́nu ọgọ́rùn-ún arọ́kin, tí ó wá tẹ ẹyọ kan ṣoṣo jáde, tí kò sì kọ àwọn yòókù sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Àwọn ẹ̀rọ tí ó dé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ó yí èyí padà. Wọ́n ń ka ààyè kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tí ó fi jẹ́ pé bí fáírọ́ọ̀sì 3 nínú 100 bá ní lẹ́tà tí ó yàtọ̀, a ó rí i.

Ìwádìí tí mo gbà pé ó tan ìmọ́lẹ̀ jù ni èyí tí John McCrone, Adam Lauring àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 2018. Wọ́n lo àpẹẹrẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé kan ní ìpínlẹ̀ Michigan tí wọ́n ń tọ́ sọ́nà lọ́dọọdún, ní sáà fúlúù márùn-ún láàárín 2010 sí 2015. Àpẹẹrẹ 249 láti ọ̀dọ̀ ènìyàn 200 ni wọ́n kà. Nítorí pé inú ilé kan náà ni àwọn ènìyàn náà ń gbé, wọ́n lè fi ojú sí ibi tí fúlúù ti kọjá láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn; irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ 43 ni wọ́n rí.

Ìyàtọ̀ tí wọ́n bá nínú ara ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré. Èyí tí ó wà sì sábà máa ń wà ní ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n rí lára ẹnì kan kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n rí lára ẹlòmíràn. Àyípadà ní àwọn ibi tí èròjà ìdáàbòbò ń dì mú lára hemagglutinin ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹni tí kò gbà á kò yàtọ̀ síra ní ti irú ìyàtọ̀ tí ó wà nínú fáírọ́ọ̀sì wọn. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ náà kò ti fáírọ́ọ̀sì sí ọ̀nà ìyípadà nínú ara àwọn tí ó gbà á, bí àwọn kan ti máa ń bẹ̀rù.

Báwo ni èyí ṣe bá ìṣirò 40,500 mu? Ó bá a mu. Àṣìkọ kọ̀ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ó ní in kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò lè rí i láàárín èrò. Wíwà kì í ṣe pípọ̀. Ohun tí ó sọnù ni ohun tí yóò gbé e dìde láti ọ̀kan nínú ẹgbàágbèje di ọ̀kan nínú mẹ́wàá.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àríyànjiyàn kan níbí, nítorí pé ó kan àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé kíkà. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan lórí àwọn ìdílé ní Hong Kong sọ pé ìyàtọ̀ púpọ̀ ni ó ń bá fúlúù kọjá láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, pé fáírọ́ọ̀sì bí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń rékọjá papọ̀. Ti Michigan sì sọ pé díẹ̀ ni. Ta ni kí a gbà gbọ́? Ní ọdún 2019, Katherine Xue àti Jesse Bloom padà sí orí ìsọfúnni ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ kà, kì í ṣe orí èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde. Wọ́n bá ohun àjèjì nínú ìsọfúnni ti Hong Kong, irú èyí tí ó fi hàn pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n kà wá láti inú bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe láti inú ara àwọn aláìsàn. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀dà ìwé àfọwọ́kọ méjì wé ara wọn rí, tí ó wá mọ̀ níkẹyìn pé akọ̀wé ilé-ìtẹ̀wé ni ó dá ìyàtọ̀ kan sílẹ̀ kì í ṣe òǹkọ̀wé, yóò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Ọrùn akèrègbè

Ẹ rò ó báyìí. Akèrègbè ńlá kan kún fún ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà pupa sì wà láàárín wọn, 2 nínú 100. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ mì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wà kan bọ́ sílẹ̀. Òun ni ẹ óò gbìn. Ní ìgbà 98 nínú 100, ẹ̀wà funfun ni yóò bọ́, oko tuntun yóò sì jẹ́ kìkì funfun, bí ẹni pé pupa kò sí rí. Ní ìgbà 2, pupa ni yóò bọ́, oko náà yóò sì di pupa látòkèdélẹ̀.

Ohun tí ìwádìí Michigan fi hàn nìyí: bí a bá fi ìṣirò wọ̀n ọ́n, fáírọ́ọ̀sì 1 tàbí 2 péré ni ó ń dá àìsàn sílẹ̀ nínú ara ẹni tí ó kó o. Ẹni tí ó ń húkọ́ ń tú púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ọmọ wọn yóò kún inú ara ẹni tuntun kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Ẹ kíyè sí ohun méjì tí èyí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gbá ọ̀pọ̀ jù lọ ìyàtọ̀ dànù, yálà wọ́n dára fún fáírọ́ọ̀sì tàbí wọn kò dára. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń gbé ìyàtọ̀ kan láti 2 nínú 100 dé 100 nínú 100 ní ọ̀sán kan òru kan, láìjẹ́ pé ìyàtọ̀ náà dára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí onímọ̀ kan bá wo ẹni kejì nìkan, tí ó rí i pé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni àkọ́kọ́, ó lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì ti "paradà". Kò sí ohun tí ó paradà. Ẹ̀wà kan ni ó bọ́.

Àkókò kò tó

Ọrùn akèrègbè nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ wo bí àìsàn náà ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́rin tí fúlúù bá wọlé, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Fáírọ́ọ̀sì inú ara yóò pọ̀ jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn náà yóò máa lọ sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó sábà máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn èròjà ìdáàbòbò tuntun tí ara ń ṣe ní pàtó fún irú fúlúù náà kì í pọ̀ dáadáa kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Nítorí náà, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì pọ̀, asẹ́ kò tíì sí níbẹ̀. Nígbà tí asẹ́ dé, fáírọ́ọ̀sì ti ń tán, ẹni náà sì ti húkọ́ sí ẹlòmíràn lára tipẹ́.

Ẹni tí ó ti ní fúlúù rí tàbí tí ó gba abẹ́rẹ́ ńkọ́? Asẹ́ tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, nínú omi imú àti ọ̀fun. Ìbéèrè tí Dylan Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé yẹ̀wò ní ọdún 2020 nìyí, èrò wọn sì wọ̀ mí lọ́kàn. Asẹ́ ẹnu ọ̀nà ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ tí ó ń wọlé, kí ó tó da ara rẹ̀ kọ. Nínú díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dájú pé èyí tí ó yàtọ̀ yóò wà níbẹ̀ rárá. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ irú ti àtijọ́, tí asẹ́ dá gbogbo wọn dúró, àìsàn kò ṣẹlẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè pè ní ìyípadà. Bí ọ̀kan bá yọ̀ wọlé, tí ó ti ń da ara rẹ̀ kọ ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, asẹ́ ẹnu ọ̀nà kò lè ṣe púpọ̀ mọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ àti ibi tí asẹ́ ti le kì í bára wọn pàdé. Ìgbà tí ẹni tí ó ti ní ìyàtọ̀ náà nínú tí ó pọ̀ bá húkọ́ sí ẹni tí asẹ́ rẹ̀ le ni wọ́n ń pàdé, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn tí fúlúù ń mú lọ́dọọdún kí ó tó ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi rí i káàkiri ayé.

Aláìsàn mẹ́rin

Bí àkókò bá jẹ́ ohun tí ó dín, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àkókò bá wà? Ní ọdún 2017, Katherine Xue, Jesse Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Seattle gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn mẹ́rin tí agbára ìdáàbòbò ara wọn ti dínkù, tí H3N2 sì bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dípò ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní àpẹẹrẹ tí a gbà léraléra lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọ́n lè tọ ipasẹ̀ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń dìde tí ó sì ń lọlẹ̀.

Nínú ara àwọn mẹ́rin yìí, àyípadà díẹ̀ kan náà lára hemagglutinin ń yọjú lára ju ẹnì kan lọ, láìjẹ́ pé ẹnì kan kó o ran ẹnì kejì. Kódà nínú ara ẹnì kan ṣoṣo, àyípadà kan náà lè yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí mo gbádùn jù nínú ìwádìí náà ni bí àwọn ìyàtọ̀ tí ó dára ṣe ń dí ara wọn lọ́nà. Ìran fáírọ́ọ̀sì kan ní àyípadà tí ó wúlò. Ìran kejì ní òmíràn tí ó wúlò bákan náà. Nítorí pé orí ègé RNA kan náà ni àwọn méjèèjì wà, wọn kò lè pààrọ̀ ègé kí ọmọ kan jogún méjèèjì. Wọ́n á máa fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, èyí á gòkè, tọ̀hún á lọlẹ̀, bí ọmọ oyè láti ìdí ilé méjì tí adé kan ṣoṣo wà nílẹ̀ fún.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àyípadà wọ̀nyí ni ó wá pọ̀ nínú H3N2 káàkiri ayé ní ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé ìgbà tí àwọn aláìsàn náà ní i lára. Ohun tí ayé ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ara ẹnì kan ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe é.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn lára. Bí a bá fi ọwọ́ kan túmọ̀ èsì yìí, àkọlé ìròyìn tí yóò jáde ni pé "àwọn tí ara wọn kò lágbára ni wọ́n ń bí fúlúù tuntun". Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rí níbẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì jáde láti ara àwọn mẹ́rin náà lọ sí ayé. Ohun tí ó sọ ni pé ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún fúlúù láti gbà yí padà kò pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì inú ara wọn àti fáírọ́ọ̀sì inú ayé gba ipa kan náà láìpàdé ara wọn. Ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí tí ó ń gbé pẹ̀lú HIV, ti ní ẹrù ojú-ìtìjú tí ó tó o gbé. Ògbufọ̀ tí ó bá fi "bí" sí ibi tí "jọ" wà ti fi kún un.

Àpẹẹrẹ mìíràn fi hàn pé a kò gbọ́dọ̀ wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Oògùn kan wà fún fúlúù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ oseltamivir. Àyípadà kan lára neuraminidase ti H1N1, tí a ń pè ní H275Y, ń mú kí oògùn náà má ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń rí i lára àwọn aláìsàn tí wọ́n ń lo oògùn náà, a rò pé ó ń pa fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lára, pé kò ní lè tàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni wọ́n rí i ní Norway pé ó ti pọ̀ láàárín àwọn tí kò lo oògùn náà rárá, kò sì pẹ́ tí ó fi gba ayé. Bloom, Gong àti Baltimore ṣàlàyé rẹ̀ ní 2010: àwọn àyípadà mìíràn ti kọ́kọ́ bọ́ sí ara neuraminidase náà, wọ́n sì ti tún ilẹ̀ ṣe sílẹ̀ de H275Y, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó dé, kò pa fáírọ́ọ̀sì lára mọ́. Kì í ṣe ẹni tí ó gbé oògùn mì ni ó fà á.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù wá kù

Mo padà sí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Fún ẹyọ lẹ́tà tí adàkọ ṣì kọ, mo fara mọ́ "àṣìkọ", bí mo ti lò ó láti òkè, nítorí pé kò sí ìmọ̀ọ́mọ̀ nínú àṣìṣe. Fún fáírọ́ọ̀sì tí ó ní àṣìkọ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, "ìyàtọ̀" tó. Kí a fi "ẹ̀yà" sílẹ̀ fún ìpín ńlá bíi A àti B. "Dàgbà sókè" kò dára rárá níbí, nítorí pé fúlúù ọdún yìí kò ga ju ti ọdún 1968 lọ. Ó kàn yàtọ̀ ni. Mo ń lo "ìyípadà láti ìran dé ìran", ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́.

"Àṣàyàn" ni ó ṣòro. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń lò ó, àṣàyàn sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó ṣà á. Mo ti ń gbìyànjú "sísẹ́", bí a ti ń sẹ́ ògì: asẹ́ kò fẹ́ràn omi ògì ju èérí lọ, èyí tí ó bá gba ihò kọjá ni ó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì náà, ọmọ ìyá ológì, sọ fún mi pé asẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ọrùn akèrègbè, nítorí pé asẹ́ ń fi ìwọ̀n dá nǹkan dúró, ọrùn akèrègbè kì í fi ìwọ̀n dá nǹkan kan dúró, àkọ́dé-ẹnu ni ó ń jáde. Ó tọ́. Ó tún ìpínrọ̀ rẹ̀ kọ, ó sì mú un wá ní ọ̀sẹ̀ kejì: "Fáírọ́ọ̀sì ń ṣi ara rẹ̀ kọ nígbà gbogbo. Èyí tí ó bá bọ́ sí ẹnu ọrùn ni ó ń jáde. Bí àìsàn bá pẹ́ lára, asẹ́ á tún sẹ́ ẹ." Mo bi í léèrè bóyá "nígbà gbogbo" kò pọ̀ jù. Ó ní mo sọ pé méjì sí mẹ́ta ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.